Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbọ́ Ní Kúdáì

Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n ní kí èmi àkọ́bí dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo sọ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀: pé ó fẹ́ràn ìdílé rẹ̀, pé kò sí ẹni tó kanlẹ̀kùn rẹ̀ tí kò ṣí, pé kò jẹ́ ká gbàgbé ibi tí a ti wá. Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń ṣe àmín. Mo padà jókòó, ẹnìkan sì fọwọ́ gbá mi léjìká pé mo ṣe dáadáa. N kò ṣe dáadáa. Ohun tó yẹ kí n sọ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tó kó wa lọ sí Jẹ́dà. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ kan tí ń sọ omi òkun di omi mímu ló gbà á síṣẹ́ láti Nàìjíríà. Àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé inú ilé tuntun tó ní géètì, ṣùgbọ́n bàbá mi lọ gba ilé ní Ruwáìsì, àdúgbò àtijọ́ létí òkun, níbi tí ilé ti há mọ́ra, tí àwọn lébìrà àti àwọn ọlọ́jà wẹ́wẹ́ pọ̀ sí. Ìyá mi ò fẹ́ràn ibẹ̀ rárá. Ó ní iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ irin fèrèsé, ó ti jẹ ìkòkò, ó kù kó jẹ òun náà. Bàbá mi a ní kó ṣe sùúrù, pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa wà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń sọ Yorùbá ni àwọn èèyàn wa. Wọ́n á kanlẹ̀kùn láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á tún kàn án nírọ̀lẹ́ kó tó bọ́ bàtà. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ gba ìkáámà rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú, tí kò sì fún un padà. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, tí kò lè ṣàlàyé fún dókítà. Ẹni tó kú láìní ẹbí nítòsí. Bàbá mi ní àpótí kékeré kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó kó òwú, lọ́fíńdà àti aṣọ funfun ìsìnkú sí. Bó bá ti fa àpótí yẹn jáde, ìyá mi kò ní bi í léèrè ibi tó ń lọ, á kàn máa gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀ dè é. Síbẹ̀, bó ti wù kó rẹ bàbá mi tó, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ aṣọ ilé ìwé wa lọ́jọ́ Jímọ̀, tèmi àti ti àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì. Kì í jẹ́ kí ìyá mi fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù.

Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ni ìsinmi ní Sọ́ọ̀dí nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bàbá mi á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò á sì wá jókòó. Ó ń kọ́ wa ní kíkí, bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ń sọ ìtàn Ṣakí fún wa, ìlú rẹ̀, àwọn òkè ibẹ̀ àti bí òjò ṣe ń rọ̀ níbẹ̀. Tí ẹnìkan nínú wa bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ lò, kò ní bínú. Ó ní ọmọbìnrin tó bá pe ọkọ ní ọkọ́, ó ti fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ kọ ebè nìyẹn. A máa ń rẹ́rìn-ín. Èdè Lárúbáwá ni àwọn àbúrò mi fi ń dá a lóhùn, òun náà á fọwọ́ di etí, á ní òun ò gbọ́. Ó máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Èmi a máa rò ó nínú ara mi pé omi tí à ń mu ní Jẹ́dà, inú òkun ni bàbá mi ti ń fà á, kò ní orísun kankan, kò sì gbẹ.

Nínú gbogbo àwọn ọmọ tó ń jókòó sórí ẹní yẹn, èmi ni mo gbọ́ Yorùbá jù. Bí àlejò bá wá láti ilé, bàbá mi á pè mí jáde. Màá kúnlẹ̀, màá kí wọn, wọ́n á bi mí léèrè ọ̀rọ̀, màá sì dáhùn. Bàbá mi á máa wo ojú wọn bí ẹni tó gbé ọjà tó dára kalẹ̀.

Ilé ìwé ni nǹkan ti yí padà. Ilé ìwé Lárúbáwá ti àwọn ọmọbìnrin ni mò ń lọ, èmi nìkan sì ni mo dúdú ní kíláàsì mi. Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi wá gbé mi tòun ti bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá rẹ̀, ọmọ kan bi mí pé kí ló dé tí bàbá mi fi ń wọ aṣọ oorun jáde. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ bú mi, ó fẹ́ mọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní kí bàbá mi máa dúró dè mí ní kọ̀rọ̀ òpópónà kejì. Mo ní mọ́tò ti pọ̀ jù lẹ́nu géètì. Ó ní ó dáa, kò sì bi mí ní ìbéèrè kejì.

Irọ́ kejì tóbi ju ìyẹn lọ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ ilé tó lọ́lá, tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Mẹ́kà láti ìran dé ìran. Ó fẹ́ràn láti máa sọ nípa ìran wọn. Lọ́jọ́ kan ó bi mí léèrè tèmi. Mo sọ fún un pé Lárúbáwá ni ìyá tó bí bàbá mi, pé ará Mèdínà ni, àti pé kò sí ẹni tó ń sọ èdè mìíràn nílé wa àfi Lárúbáwá. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó sì túbọ̀ sún mọ́ mi. Kò sí bí mo ṣe lè gbé e mì padà mọ́.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Hájì bá dé, bàbá mi á gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì kó wa lọ sí Mẹ́kà. Kì í ṣe láti lọ ṣe Hájì. Ó ti ṣe tirẹ̀. Ó ń lọ wá àwọn èèyàn wa tó sọnù. Àwọn arúgbó tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kúrò ní abúlé nìyẹn, tí wọn ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, tí èrò á gbá wọn lọ bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbá ewé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin Ìsìláàmù ní Mẹ́kà háyà ilé alájà méjì kan ní Kúdáì. Wọ́n ń gbé nísàlẹ̀, wọ́n á sì fún ìyá mi ní yàrá òkè. Obìnrin tó bá sọnù tí bàbá mi rí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló máa mú un wá kó jẹun, kó sinmi, kí wọ́n tó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àárọ̀ ọjọ́ keje oṣù Hájì ni bàbá mi mú ìyá àgbà kan wọlé. Ó kéré, ó dúdú, ó kọ àbàjà, wọ́n sì fi làálì kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti sọnù láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn tó yí Káábà tán. Ìdè ọwọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ilé wọn sí ti bọ́ sọnù níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Gbólóhùn kan péré ni bàbá mi gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tó fi mọ̀ pé ará Òkè-Ògùn ni. Sẹpẹ̀tẹ̀rí ni ó ti wá, kò jìnnà sí Ṣakí. Ó mọ ọjà tó wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí ní Ṣakí, ó ti ta òrí níbẹ̀ rí. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Kó tó jáde lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó àwọn ará Nàìjíríà, ó pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Ìyá, ọmọ mi nìyí," ni bàbá mi wí. "Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí a bí sí Ṣakí. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ fún un." Ó wá yíjú sí mi. "Lọ́la ni wọ́n ń kó lọ sí Mínà, a gbọ́dọ̀ rí ilé tí wọ́n wọ̀ sí lónìí. Bí Ìyá bá rántí nǹkan kan nípa ilé náà, bó ti wù kó kéré tó, sáré sọ fún àwọn bùrọ̀dá tó wà nísàlẹ̀. Kò sí ibi tí wọn ò mọ̀ nínú ìlú yìí."

Mo ní ó yé mi.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, obìnrin mìíràn tó wà lọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá mi àti ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn àbúrò mi ti bá bàbá mi jáde, ó ku èmi àti ìyá àgbà, ó sì ti sùn lọ. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń ka ìwé. Bí ìrun Alásárì ṣe ń sún mọ́, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pe orúkọ mi lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Òun àti ìyá rẹ̀ ń pín ìrẹsì àti wàrà fún àwọn àlejò ilé Ọlọ́run, bí àwọn ará Mẹ́kà ṣe máa ń ṣe. Mo ti sọ àdúgbò tí a máa wà fún un lórí tẹlifóònù, n kò rò pé ó máa wá.

Ó jókòó tì mí. Ó ń wo yàrá náà, ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀, ìkòkò, aṣọ tí a sá sórí okùn. Mo ní bàbá mi ló ń ran àwọn aláìní lọ́wọ́, pé kì í ṣe ilé wa. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Nígbà náà ni ìyá àgbà jí. Ó dìde jókòó, ó fọwọ́ nu ojú, ara rẹ̀ sì yá gágá.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo ti rántí. Oorun ló gbé e wá fún mi. Ilé tí a wọ̀, ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ dà bí ewé. Òkúta ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn tó gun òkè lọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń pe àdúgbò náà ní Útàì, Útàìbí... Ẹnu mi ò gbé e. Ṣé o mọ ibẹ̀?"

Mo mọ ibẹ̀. Útàìbíyà ni. Ibẹ̀ gan-an ni ilé ìyá ìyá ọ̀rẹ́ mi wà.

"Kí ló ń sọ?" ni ọ̀rẹ́ mi bi mí ní Lárúbáwá.

"N kò mọ̀," ni mo dá a lóhùn. "N kò gbọ́ èdè wọn."

Ìyá àgbà sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó sì gbóná. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fi ọwọ́ kejì ṣe búrẹ́dì, ó ń fi í ṣe àtẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ mi ń wò wá. Mo mi orí, mo sì fi Lárúbáwá sọ fún ìyá àgbà pé kò yé mi. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Kò bínú. Àánú mi ló ṣe é. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Kò burú."

Mo sin ọ̀rẹ́ mi sọ̀kalẹ̀. Mo rò ó pé bí ó bá ti lọ tán, màá sọ ohun tí mo gbọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo rò ó dáadáa, mo rántí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní kí n wọ inú mọ́tò wá mu nǹkan tútù, inú mọ́tò náà tutù nini, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ olùkọ́ wa kan. Nígbà tí mo padà gòkè, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Mọ́sálásí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, ìrun Alásárì ni wọ́n lọ kí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo wo òsì, mo wo ọ̀tún. Èrò ni mo rí.

Bàbá mi dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó béèrè ibi tí Ìyá wà.

"Mo sùn lọ ni, Bàbá. Nígbà tí mo jí, n kò rí i mọ́."

"Ṣé kò sọ nǹkan kan kó tó lọ? Nípa ilé náà?"

"Rárá o. Kò sọ nǹkan kan."

Mo ti wá ọ̀nà láti bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ nínú ara mi láti ọdún yẹn. Mo ti sọ fún ara mi pé ọmọdé ni mí, pé ìbẹ̀rù ló mú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ "Útàìbíyà" nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn ì bá rí ilé náà kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn ì bá sì dúró dè é níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe dúró níwájú bàbá mi. Ohun tó dí mi lẹ́nu ni pé, bí mo bá sọ ọ́, ó máa bi mí ìdí tí n kò fi sọ fún àwọn bùrọ̀dá lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi wá a. Kúdáì ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó rò pé arúgbó tí kò rántí ilé rẹ̀ kò lè rìn jìnnà. Ó wọ gbogbo mọ́sálásí kéékèèké, ó wọ ilé ìwòsàn, ó dúró lẹ́nu ibi tí wọ́n ń kó òkú sí. Oòrùn ń jó bí iná. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ìyá mi ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń di abọ́ mú. Ọjọ́ Àrafà kọjá bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Iléyá ló rí i, nílé ìwòsàn kan. Wọ́dù àwọn obìnrin ni, nítorí náà ó mú ìyá mi àtèmi dání. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé. Ìyá àgbà ti rìn láti Kúdáì dé Mọ́sálásí ńlá, ó sùn síbẹ̀, ó sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn èèyàn títí ó fi dé ilé oníbúrẹ́dì ní Útàìbíyà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó rí ilé náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mínà. Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń dúró dè wọ́n nínú oòrùn, títí ó fi dákú. Okùn bàtà rẹ̀ ti já lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti lé ròrò.

Nígbà tó rí wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí mi, ó sọ fún ìyá mi pé, "Ọmọ yín nìyẹn. Ó fún mi lómi." Ó wá wo bàbá mi. "Ọjọ́ wo ni òní, Àlàájì?"

Bàbá mi sọ fún un.

"Àrafà ńkọ́?"

Mùsùlùmí wo ni kò mọ̀ pé ẹni tí kò dúró ní Àrafà kò ṣe Hájì? Ìyá àgbà ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n á máa pè mí nílé?" Ó sì kọ ojú sí ògiri.

Olórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti Mínà wá bá wa ní Kúdáì lọ́jọ́ kejì. Ìbínú ti jẹ́ kó máa sá sókè sódò. Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn èèyàn tó pọ̀, ó bi bàbá mi pé ta ló fi arúgbó sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mò ń gbọ́. Bàbá mi ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi ló bọ́ sí, ọwọ́ mi ló ti sọnù." Ọkùnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n bàbá mi tẹ orí ba, ó ń tọrọ àforíjì. Kò dárúkọ mi. Ó rò pé oorun ló gbé mi lọ, pé oorun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Kí ìyá àgbà tó padà sí Nàìjíríà, bàbá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Wọ́n ní bí ara rẹ̀ kò bá lè gbé e padà wá mọ́, ẹni tó ti ṣe Hájì tirẹ̀ lè ṣe é fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi kò lọ wá ẹni tó sọnù. Ó wọ aṣọ funfun méjèèjì tí wọ́n fi ń ṣe Hájì ní pálọ̀ wa ní Ruwáìsì, ó dúró, ó sì fi orúkọ ìyá náà ṣe àníyàn Hájì. Ìyá mi ń nu ojú. Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé o fẹ́ sọ nǹkan ni?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ máa lọ re, ẹ máa bọ̀ re."

Mo kí i bó ṣe kọ́ mi. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ohùn ọ̀rọ̀ mi.

A kúrò ní Sọ́ọ̀dí nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin. Bàbá mi kọ́ ilé sí Ṣakí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe níbẹ̀ ohun tó ń ṣe ní Jẹ́dà: ó ń bá wọn gbẹ́ kànga, ó ń kọ lẹ́tà fún wọn. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìsinmi yunifásítì nígbà tó ní kí n bá òun lọ kí ìyá kan ní Sẹpẹ̀tẹ̀rí. Mo mọ ìyá tó ń sọ. N kò rí àwáwí tí mo lè ṣe.

Ó jókòó síta lábẹ́ igi òrí, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Àlàájà. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó sí bàbá mi. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé ọkùnrin tó ṣe Hájì òun fún òun nìyí. Nígbà tó gbọ́ pé èmi náà wà níbẹ̀, ó nawọ́, ó wá ojú mi, ó fọwọ́ pa á.

"Ọmọ dáadáa," ó ní. "Àlàájì, ẹ má bínú o, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí mi ò sọ nígbà náà. Ẹ sọ fún mi pé ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá. Kò gbọ́ o. Mo jí lójú oorun lọ́jọ́ yẹn, mo ti rántí ilé wa. Mo sọ fún un ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ilé oníbúrẹ́dì, ilẹ̀kùn tó dà bí ewé, mo tiẹ̀ dárúkọ àdúgbò. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní, àwọn ọmọ ìlú òkèèrè, kíkí nìkan ni wọ́n mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n wá ọ̀nà lọ fúnra mi."

Àwọn aládùúgbò wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tó sọnù. N kò lè gbé ojú sókè. Mo ń dúró kí bàbá mi sọ̀rọ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá," ó ní. "Mo ń tan ara mi ni. Mo rò pé mo kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ dáadáa. Ẹ bá mi forí jì í. Ẹ̀bi mi ni."

Ọkùnrin tó fi ogún ọdún tẹ́ ẹní ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Bàbá kan níbẹ̀ ní bí owó òkèèrè ṣe ń ba ọmọ jẹ́ nìyẹn. Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, n kò sì lè la ẹnu. Bí mo bá sọ gbólóhùn kan tó jọ Yorùbá, wọ́n máa mọ̀. Ìyá àgbà ń fi ọwọ́ júwe nǹkan fún mi, omi, iyán, ìjókòó, bó ṣe júwe búrẹ́dì fún mi ní Kúdáì. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń mi orí.

Nígbà tí mọ́tò wa jáde nílùú, bàbá mi bi mí léèrè.

"Ohun tó sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn. O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó ń wakọ̀ lọ. Mo sọ ìyókù fún un láìjẹ́ pé ó béèrè: ọ̀rẹ́ mi, irọ́ Mèdínà, mọ́tò tó tutù. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ ìyá rẹ̀ di Lárúbáwá, ó fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹ nǹkan kíkorò. "Ìyá mi," ó ní. "Ìyá mi tó jẹ́ pé Sẹpẹ̀tẹ̀rí níbẹ̀ yẹn kò dé rí."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká yípadà, kí n lọ jẹ́wọ́ fún Àlàájà.

"Kí ọkàn ta lè balẹ̀?" ó bi mí. "Tirẹ̀ ni àbí tìrẹ?"

Kò dín eré mọ́tò kù.

"Ó gbà pé o kò gbọ́ ni," ó ní. "Kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò dùn ún."

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò bínú sí mi. Ó ń bi mí léèrè ẹ̀kọ́ mi, ó ń rán mi níṣẹ́, ó ń fún mi ní ẹran láti inú àwo rẹ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe mọ́. Bí àlejò bá wá, kò pè mí jáde mọ́ pé kí n wá kí wọn kí wọ́n lè gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà kú ní ọdún kejì. Àárọ̀ ni wọ́n wá sọ fún bàbá mi. Mo wà nínú ilé, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó wọ bùbá funfun, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó gba iwájú yàrá mi kọjá. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde, kí n ní mo fẹ́ bá a lọ. N kò dìde. Ó lọ sí Sẹpẹ̀tẹ̀rí láti lọ kí ìrun sí i lára, òun nìkan.